Orí Kẹta: Bí Ìmọ̀ Ṣe Ń Wọnú Ìrántí

Ìbéèrè tí orí yìí dá lé

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè jókòó síwájú olùkọ́ kan náà, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n sì ka ìwé kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan á ṣàlàyé gbogbo kókó ẹ̀kọ́ náà láìwo ìwé, èkejì kò sì ní í rántí ju àkọlé lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ máa ń sọ ni pé orí ọ̀kan pé ju ti èkejì lọ, tàbí pé èkejì kò kàwé tó. Òótọ́ díẹ̀ lè wà nínú àlàyé méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì láti ohun tó lé ní 130 ọdún sẹ́yìn tọ́ka sí àlàyé kẹta tó lágbára jù wọ́n lọ. Àlàyé náà ni iṣẹ́ tí ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà lásìkò tí ó ń gbọ́ ọ.

Ìpele mẹ́ta ni ìrántí ní. Èkíní ni ìfisọ́kàn, nígbà tí ohun tí a rí, tí a gbọ́ tàbí tí a rò ń di ohun tí ọpọlọ lè tọ́jú. Èkejì ni ìpamọ́, ìyẹn gbogbo àkókò tí ohun náà fi wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé à ń ronú kàn án. Ẹ̀kẹta ni ìmújáde, nígbà tí a bá wá a tí a sì rí i. Ìpele kìíní ni orí yìí gbájú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni agbára akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ti pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ọpọlọ rẹ̀ pé kó má gbàgbé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè yí ohun tó ń ṣe nígbà tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ padà. Ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nìyí: ohun tó ń wọnú ìrántí tó sì ń pẹ́ níbẹ̀ ni ohun tí ọkàn bá so mọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, lọ́nà tó bá bí a ó ṣe bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú mu. Àtúnkà nìkan kò lè ṣe é. Kí ènìyàn sáà fẹ́ láti rántí pẹ̀lú kò lè ṣe é.

Ohun tí àtúnkà lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní 1885, ní ilẹ̀ Jámánì, Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí. Ara rẹ̀ nìkan ló fi ṣe ìwádìí náà. Ó ṣẹ̀dá nǹkan bí 2,300 sílébù tí kò nítumọ̀, ó ń to wọ́n sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó ń kà wọ́n títí tó fi lè pe ọ̀wọ́ kan láìṣì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú, wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń padà kọ́ ọ̀wọ́ kan náà, kó lè mọ iye àkókò tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dín kù fún un. Ó rí i pé láàárín wákàtí kan péré, ó ti pàdánù ju ìdajì làálàá àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ìgbàgbé a máa yára gan-an níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa falẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé mú nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tún un kà, kó máa tún un kà.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ìwé kan náà tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Ebbinghaus tún kọ́ àwọn ẹsẹ inú ewì gígùn Byron tí à ń pè ní Don Juan sórí, ó sì rí i pé làálàá tí ewì náà gbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí sílébù tí kò nítumọ̀ ń gbà lọ. Ẹni kan náà ló ń kà, ojú àti ẹnu kan náà ló sì fi ń kà á. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú ewì ní ohun tí ọkàn lè dì mú: ìtumọ̀, gírámà, ìwọ̀n ohùn, àti ìró tó ń jọra níparí ìlà. Òfin ìgbàgbé tí Ebbinghaus kọ sílẹ̀ nígbà náà jẹ́ òfin ìrántí tí a ti mọ̀ọ́mọ̀ gba gbogbo ohun tó lè dì mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ àwòṣe fún ẹni tó ń kọ́ ohun tó nítumọ̀.

Ẹ̀rí kejì tún fi hàn pé rírí léraléra kò tó. Ní 1979, Raymond Nickerson àti Marilyn Adams ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà ya owó ẹyọ sẹ́ńtì kan wọn láti inú ìrántí. Owó tí wọ́n ti ń ná láti kékeré ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbàgbé àwọn àmì pàtàkì ara rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi wọ́n síbi tí kò yẹ, nígbà tí wọ́n sì gbé àwòrán 15 kalẹ̀ kí àwọn ènìyàn mú èyí tó tọ̀nà, àwọn tó gbà á kò tó ìdajì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń náwó kò nílò ju àwọ̀ àti ìwọ̀n owó náà láti yà á sọ́tọ̀, nítorí náà àwọ̀ àti ìwọ̀n nìkan ni ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ojú rí ìyókù lójoojúmọ́, ọkàn kò sì bá wọn da nǹkan kan pọ̀.

Ẹnu ọ̀nà tó há, àti bí ìmọ̀ ṣe ń mú un gbòòrò

Kí ohun kan tó di ti ìgbà pípẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ìrántí kúkúrú kọjá, ìyẹn ibi tí a ń di ohun tí à ń ronú lé lọ́wọ́ mú. Àyè ibẹ̀ há, ohun inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ní 1959, Lloyd àti Margaret Peterson fún àwọn ènìyàn ní kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta péré láti rántí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn ní mẹ́ta-mẹ́ta lójú ẹsẹ̀ kí ọkàn wọn má baà ráyè tún lẹ́tà náà pè. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 18, lẹ́tà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán. Ní ti àyè tó wà níbẹ̀, George Miller kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1956 tó sọ pé nǹkan bí 7 ni ènìyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú àlàyé Miller ni pé ìdì ni àwọn nǹkan 7 náà, àti pé ìmọ̀ tí ènìyàn ti ní ló ń pinnu bí ìdì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tóbi tó. Wo nọ́ńbà wọ̀nyí: 0, 1, 1, 0, 1, 9, 6, 0. Ohun mẹ́jọ ni lójú ẹni tí kò mọ ìtàn Nàìjíríà. Lójú ẹni tó mọ ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, ohun kan ṣoṣo ni.

Àwọn tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì jẹ́ kí a rí òtítọ́ yìí kedere. William Chase àti Herbert Simon, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn ka iṣẹ́ tí Adriaan de Groot ti ṣe ní Nẹ́dálándì, fi pátákó ayò han ọ̀gá ayò àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Nígbà tí ó jẹ́ ibi tí eré gidi dé ni wọ́n fi hàn wọ́n, ọ̀gá ayò to èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ayò náà padà síbi tí wọ́n wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ rántí ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da ọmọ ayò náà káàkiri láìtẹ̀lé ètò, ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ká ní ojú tàbí orí ọ̀gá ló mú ju ti ẹlòmíràn lọ ni, ìyàtọ̀ wọn ì bá má parẹ́ nígbà tí ètò parẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí ọ̀gá ayò ní ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtò ayò tó ti mọ̀, tó sì fi ń di ọmọ ayò mélòó kan pọ̀ sí ìdì kan.

Iṣẹ́ tí K. Anders Ericsson, William Chase àti Steve Faloon gbé jáde ní 1980 tún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Wọ́n tọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí agbára ìrántí rẹ̀ kò ju ti ẹlòmíràn lọ sọ́nà fún nǹkan bí 230 wákàtí, láàárín ohun tó lé ní ọdún kan àtààbọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà 7 ló lè rántí bí wọ́n bá pè é fún un lẹ́ẹ̀kan. Nígbẹ̀yìn, ó ń rántí 79. Sárésáré ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì ń sọ nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin di àkókò eré ìje: 3492 di ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 49.2, àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti aṣáájú àgbáyé fún eré máìlì kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà rọ́pò nọ́ńbà, nǹkan bí 6 péré ló tún lè rántí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gbòòrò rárá. Ìdì tó ń gbé gba ibẹ̀ ló tóbi sí i, ìmọ̀ eré ìje tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló sì fi dì í.

Iṣẹ́ ọkàn ju ìfẹ́ ọkàn lọ

Ènìyàn lè sọ pé ẹni tó bá pinnu gidigidi láti rántí ni yóò rántí. Thomas Hyde àti James Jenkins dán èyí wò ní 1969. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí apá kan sọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dùn mọ́ni tàbí kò dùn mọ́ni tó, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìronú nípa ìtumọ̀. Àwọn mìíràn kàn ń ka iye lẹ́tà, tàbí kí wọ́n wo bí lẹ́tà kan wà níbẹ̀. Wọn kò sọ fún wọn pé ìdánwò ń bọ̀. Àwọn tó ronú nípa ìtumọ̀ láìmọ̀ pé wọn yóò bi wọ́n rántí ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àwọn tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kí wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tó ka lẹ́tà rántí èyí tó kéré gan-an. Lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni Fergus Craik àti Robert Lockhart gbé àbá wọn kalẹ̀ ní 1972 pé bí ọkàn bá ṣe ṣiṣẹ́ jinlẹ̀ tó lórí ohun kan ni ohun náà yóò ṣe pẹ́ tó nínú ìrántí. Ní 1975, Craik àti Endel Tulving béèrè oríṣi ìbéèrè mẹ́ta nípa ọ̀rọ̀: ṣé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́? Ṣé ìró rẹ̀ jọ ti ọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé ó lè dí àlàfo inú gbólóhùn yìí? Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè gbólóhùn bá tẹ̀lé ni wọ́n rántí jù, ti ìró tẹ̀lé e, ti lẹ́tà ló kẹ́yìn.

Àkókò tí iṣẹ́ yìí ń wáyé náà ṣe pàtàkì. John Bransford àti Marcia Johnson fún àwọn ènìyàn ní àyọkà kan ní 1972. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó ń sọ bí wọn kò bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ ni. Àwọn tí wọ́n sọ àkọlé rẹ̀ fún kí wọ́n tó gbọ́ ọ lóye rẹ̀, wọ́n sì rántí púpọ̀. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ fún lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ tán kò sàn ju àwọn tí wọn kò sọ fún rárá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wọlé bó ṣe rí, tí àkọlé sì wulẹ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wá a rí, ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbàkígbà tó bá dé. Ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé ni ìmọ̀ ti gbọ́dọ̀ pàdé rẹ̀.

Ẹ̀rí láti inú ọpọlọ bá èyí mu. Ní 1953, ní Hartford ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ William Scoville gé apá inú ọpọlọ Henry Molaison kúrò lọ́tùn-ún àti lósì láti wo wárápá rẹ̀ sàn. Lára ohun tó gé ni èyí tó pọ̀ nínú apá tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Brenda Milner, tó yẹ Molaison wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé ó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ geere, ó sì lè di nọ́ńbà kan mú fún ìṣẹ́jú púpọ̀ bó bá ń tún un pè láìdúró. Kété tí ọkàn rẹ̀ bá ti yà sí nǹkan mìíràn, nọ́ńbà náà lọ pátápátá, kò sì ní í rántí pé òun ti gbọ́ ọ rí. Títí tó fi kú ní 2008, ẹ̀rí ni ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ pé ohun kan wà nínú ọpọlọ tó yàtọ̀ sí àtúnpè, tó ń so ohun tuntun pọ̀ kó tó di ti ìgbà pípẹ́. Ní 1973, Tim Bliss àti Terje Lømo fi ehoro ṣe ìwádìí ní Oslo, wọ́n sì fi hàn pé ìsopọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì inú hippocampus a máa lágbára sí i fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ta wọ́n jí léraléra. Ìsopọ̀ ni ohun tí ọpọlọ fi ń kọ ìrántí.

Ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ awo

Kí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ni àwọn babaláwo ilẹ̀ Yorùbá ti ní ètò kan tí wọ́n fi ń gbé ìmọ̀ ńlá láti ìran dé ìran láìkọ ọ́ sílẹ̀. UNESCO ka ètò Ifá mọ́ ogún pàtàkì aráyé ní 2005. Odù 256 ló wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ ló sì wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan. Bí ìrántí bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àtúnkà lásán, kò ní í rọrùn láti ṣàlàyé bí ènìyàn kan ṣe lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ohun tí ọmọ awo kọ́kọ́ ń mọ̀ ni ojú odù 16, láti Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí títí dé Òfún, pẹ̀lú àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Nígbà tó bá mọ 16 yìí, ó ti ní orúkọ àti àmì 240 ìyókù, nítorí pé méjì-méjì nínú wọn ló para pọ̀ di àmúlù. Kí ẹsẹ kan tó wọlé ni àyè tí yóò wà ti wà nílẹ̀.

Ẹsẹ fúnra rẹ̀ náà ní ètò. Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976, fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní apá mẹ́jọ: orúkọ awo tó dá Ifá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ìdí tó fi dá Ifá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ayọ̀ tàbí ẹ̀dùn tó bá a, àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ni wọ́n ń kọ́ sórí láìyí ọ̀rọ̀ padà; ìtàn tó wà láàárín ni babaláwo lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹsẹ tuntun kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo: ó ti mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ayò ṣe mọ ibi tó yẹ kí ọmọ ayò wà. Lẹ́yìn èyí, àmì odù tó fi kọ́ ẹsẹ náà ni àmì tí yóò rí lórí ọpọ́n lọ́jọ́ tí ẹni kan bá wá dá Ifá. Ìlànà tí Tulving àti Donald Thomson gbé jáde ní 1973 nìyí gẹ́lẹ́: ohun tó wà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nígbà tó ń wọlé ló ń pè é jáde dáadáa. Àtúnpè wà nínú ẹ̀kọ́ Ifá, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n níwájú ọ̀gá àti nínú àpéjọ awo ni, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹni tó bá ṣì í padà. Ohun tó ń wáyé níbẹ̀ ni pé ọmọ awo ń fa ọ̀rọ̀ jáde láti inú ara rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé irú orí ọ̀tọ̀ kan ni àwọn tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀ ní. Nígbà tí Michael Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ọ̀wọ́ orúkọ nǹkan fún àwọn ará Kpelle ní Làìbéríà tí kò lọ ilé ìwé, wọn kò rántí púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àtúnkà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwọn orúkọ náà sínú ìtàn, ìrántí wọn wá tò tẹ̀lé ètò ìtàn ọ̀hún. Nínú ètò ni agbára náà wà, ẹnikẹ́ni tí a bá sì fi ètò lé lọ́wọ́ lè lò ó.

Àwọn àtakò tó yẹ kí a dáhùn

Àtakò àkọ́kọ́ lágbára. Ní àwọn ilé kéú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọdé wà tí wọ́n há Kùránì sórí, odindi súrà 114, láìgbọ́ èdè Lárúbáwá. Níbo ni ìtumọ̀ tí à ń pariwo rẹ̀ wà níbẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀rí yìí tún àbá wa ṣe, kò wó o. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni aáfà ń kọ sórí wàláà fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kíké Kùránì ní ìlànà tirẹ̀. Ìparí àwọn áyà sábà máa ń jọra níró. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ké e síwájú aáfà láìwo wàláà. Ó sì ń padà sórí èyí tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Ìró ni ọkàn ọmọ náà ń so mọ́ ìró, ìró ni yóò sì bá nígbà tó bá wá a. Bí a bá bi í ní ìtumọ̀, kò ní í lè sọ ọ́ títí di ìgbà tó bá kọ́ ọ lọ́tọ̀. Donald Morris, Bransford àti Jeffery Franks fi irú èyí hàn ní 1977: ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ìró ọ̀rọ̀ borí ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ nígbà tí ìdánwò bá dá lórí ìró. Ìdí nìyí tí a fi fi apá kejì kún àbá wa níbẹ̀rẹ̀, pé ìsopọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá bí a ó ṣe bèèrè ọ̀rọ̀ mu. Ìmọ̀ tí ìró nìkan bá gbé wọlé lè pé, ó sì lè lẹ́wà. Ohun tí ọkàn kò ṣiṣẹ́ lé lórí kò kàn ní í sí nínú rẹ̀ ni.

Àtakò kejì ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rù tàbí ìdùnnú ńlá a máa wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí iṣẹ́ kankan. Òótọ́ ni pé ara tó gbọ̀n a máa mú ìfisọ́kàn lágbára. Ṣùgbọ́n Ulric Neisser àti Nicole Harsch ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n wà àti bí wọ́n ṣe gbọ́ ìròyìn náà sílẹ̀, lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ agbéniresánmà Challenger ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bú gbàmù ní January 1986. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún méjì, ìtàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, ó sì dá wọn lójú pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìmọ̀lára ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ohun kan ṣe pàtàkì, ó ń jẹ́ kí a máa sọ ọ́ kí a sì máa rò ó. Iṣẹ́ ọkàn náà nìyẹn. Kò sọ ọkàn di ẹ̀rọ ayàwòrán.

Àtakò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ fúnra wọn, lára wọn Alan Baddeley. Wọ́n ní bí a bá sọ pé ohun tó jinlẹ̀ ni a ń rántí, tí a sì ń fi rírántí mọ ohun tó jinlẹ̀, ńṣe ni à ń yí po lójú kan. Àtakò yìí tọ̀nà sí ọ̀rọ̀ “ìjinlẹ̀” bí a bá fi í sílẹ̀ láìṣàlàyé, ìdí sì nìyí tí orí yìí kò fi gbára lé e. Ìsopọ̀ ṣeé dá mọ̀ kí ìdánwò tó wáyé: a lè sọ ẹni tó gbọ́ àkọlé àti ẹni tí kò gbọ́ ọ, ẹni tó mọ ayò àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí a sì sọ ẹni tí yóò rántí kí wọ́n tó bèèrè. Gordon Bower àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1969. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fún ẹgbẹ́ méjì. Wọ́n tò ó fún ọ̀kan ní ẹ̀ka àti ọmọ ẹ̀ka, wọ́n sì dà á rú fún èkejì. Ẹgbẹ́ tí wọ́n tò ó fún rántí ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ nígbà àkọ́kọ́.

Ohun tí èyí bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́

Bí àbá wa bá tọ̀nà, ó yẹ kó yí ohun tí à ń ṣe nínú kíláàsì padà. Olùkọ́ tó bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn sójú pátákó fún dídàkọ ti fún ọwọ́ níṣẹ́, kò tíì fún ọkàn. Ó sàn kó kọ́kọ́ la ètò ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kó bèèrè ohun tí àwọn ọmọ ti mọ̀ tó súnmọ́ ọn, kó sì ní kí wọ́n mú àpẹẹrẹ tiwọn wá. Norman Slamecka àti Peter Graf fi hàn ní 1978 pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ pèsè a máa wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju èyí tó wulẹ̀ kà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ pa ìwé dé, kó gbìyànjú láti sọ ohun tó kà. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi àwọn tó lo ìgbà mẹ́rin láti máa ka àyọkà kan wé àwọn tó lo ìgbà kan láti kà á, tí wọ́n sì lo ìgbà mẹ́ta láti kọ ọ́ láti inú ìrántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rántí nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, nígbà tí àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí nǹkan bí 61. Ohun tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ hàn kedere níbí: àtúnkà ń mú kí ìwé mọ́ ojú, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ kan lè sọ pé iṣẹ́ inú sílábọ́ọ̀sì pọ̀, ìdánwò WAEC ń bọ̀, kò sí àkókò fún gbogbo èyí. Ìnira náà kì í ṣe kékeré, pàápàá níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ 80 ti ń jókòó nínú kíláàsì kan. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni ẹgbẹ́ méjèèjì inú iṣẹ́ Roediger lò. Bí wọ́n ṣe lò ó ló yàtọ̀. Bákan náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a pín sí ọjọ́ mẹ́ta kò gùn ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a lò lálẹ́ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ jù. Ìwé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ tán tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbàgbé kí oṣù tó parí ni àkókò tó ṣòfò. Ẹ̀tọ́ ọmọ tó lọ ilé ìwé ni pé kí ohun tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ kù sí i lọ́wọ́, ẹ̀rí tí a ti gbé yẹ̀ wò sì fi hàn pé ọwọ́ wa ni ohun tí yóò mú un kù wà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín sílébù Ebbinghaus àti ewì tó kọ́ sórí jẹ́ ká mọ̀ nípa ìfisọ́kàn?

2. Láìwo owó kankan, ya ẹ̀yìn owó igba náírà. Fi ohun tí o yà wé owó náà, kí o sì fi iṣẹ́ Nickerson àti Adams ṣàlàyé ohun tí o gbàgbé.

3. Kí ló fà á tí àkọlé tó dé lẹ́yìn àyọkà kò fi ran àwọn ènìyàn Bransford àti Johnson lọ́wọ́?

4. Fi ẹ̀kọ́ Ifá àti ẹ̀kọ́ ilé kéú wéra. Kí ni ohun tí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ń so pọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dán an wò?

5. Mú kókó kan nínú iṣẹ́ bàọ́lọ́jì tàbí ìtàn tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́. Ṣètò bí ìwọ yóò ṣe kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì sọ ìdí tí o fi yan ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.